Aago Tó Fi Wákàtí Kan Ṣáájú

Kí n tó mọ bí a ṣe ń ka aago, etí ni mo fi ń mọ àsìkò. Inú àgbàlá ńlá kan ní Williamsville là ń gbé, irú èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní kúù, ìdílé mẹ́fà ló yí i ká, omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo la sì jọ ń pọn. Ìgbálẹ̀ Táńtì Akisí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló máa ń kọ́kọ́ dún. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbákà, bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń kó èrò, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Adjamé! Adjamé!" lójú títì. Bí wọ́n bá ti ké e títí tí ẹnikẹ́ni kò sì fa aṣọ lára mi, mo mọ̀ pé Sátidé ni. Bí oòrùn bá kan àtàrí, odó fùtù, iyán àwọn ará ibẹ̀, á máa dún láti ẹnu ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ odó kan á yára, èkejì á falẹ̀, títí wọ́n á fi bá ara wọn mu fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n á tún pínyà. Títí di òní, bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mo ṣì lè to ìró wọ̀nyẹn tẹ̀ léra láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, láìfo ọ̀kan.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò fi aago ṣe nǹkan kan. Ó ti ta obì ní Anyama nígbà tí agbára ṣì wà, ó ti ṣà á, ó ti fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, nítorí náà apẹ̀rẹ̀ obì ló fi ń wọn ohunkóhun tó bá gùn. Bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ni lágbájá kúrò ní kúù wa, á ní kí apẹ̀rẹ̀ obì tí òun dì lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ Àbẹ̀kẹ́ tó tán ni. Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Ohun tí kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, orin ìsìn ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ògì gba orin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan kó tó dì. Ẹyin sísè gba méjì. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, kí a máa kọrin lọ títí ohùn á fi há. Èyí tó bá kéré sí gbogbo ìyẹn, á ní kí itọ́ tó gbẹ nílẹ̀. Nígbà tí mẹ́tírẹ́sì wa kọ ọ́ sí pátákó níléèwé pé ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ni ìṣẹ́jú kan, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni wákàtí kan, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ọjọ́ kan, tó sì fi hàn wá pé a lè sọ ńlá di kékeré, kí a tún sọ kékeré di ńlá, kí ohunkóhun má sì sọnù lójú ọ̀nà, mo sáré gbé e wálé bí ẹni tó rí nǹkan he. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó ń bó ẹ̀wà lọ, ó ní ṣé mo ti rí àáyá rí? Mo ní rárá. Ó ní òun náà kò rí i rí, kí ló wá kàn wá pẹ̀lú bó ṣe ń ṣẹ́jú.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ẹ̀gbà kọlu bàbá tó bí màámi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màámi nìkan ni wọ́n bí, òun ló gbọ́dọ̀ lọ tọ́jú wọn. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, tí ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àga onígi kan sábẹ́ aago ara ògiri wa, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dúró ire. Bàbá mi dì í mú fún un. Aago onígi ni, onílílù tó máa ń lu iye wákàtí, ó ní dígí níwájú. Màámi ṣí dígí náà, ó fi ìka kan ti ọwọ́ aago síwájú ní wákàtí kan gbáko, ó sì dúró kí ó lù tán kó tó pa dígí dé. Ó wo ilẹ̀ láti orí àga, ó rí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, wákàtí kan ni ilé fi ṣáájú Abidjan. Bí o bá wo aago yìí, ibi tí mo wà lò ń wò."

Láídé àbúrò mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ń sùn lẹ́yìn Ìyá Àgbà. Màámi kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà yẹn mo rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀ ni. Èmi náà ti fi ọmọ sílẹ̀ rìnrìn àjò rí lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọwọ́ aago mọ́. Ìyá Àgbà ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ká irin inú rẹ̀ ní gbogbo Sátidé kó má bàa dúró, òun tí kò fi aago ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo dé iléèwé, ẹnubodè ṣì wà ní títì pa, mo jókòó lórí àpò ìwé mi bí ọjà tí wọ́n gbàgbé. Bàbá mi, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Adjamé, náà ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí àwọn agbálẹ̀ ọjà tó dé, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà pé Anàgó yìí fẹ́ ra gbogbo òwúrọ̀ tán. Anàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára. A máa ń wo aago, a máa ń yọ wákàtí kan kúrò, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yọ egungun nínú ẹja kó tó gbé e sẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn èmi kì í yọ ọ́. Bó bá lu méje ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ṣì kù díẹ̀ lórí páànù Táńtì Akisí, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ màámi, ó ti tan àtùpà, ó ń fi ṣíbí bọ́ bàbá rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ a máa sọ fún wa pé bàbá àgbà kò tíì gbé ọwọ́ ọ̀tún, pé màámi ṣe òjòjò díẹ̀, pé ó ti yá. Mo gbọ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kan nídìí omi ẹ̀rọ tó ń sọ fún èkejì pé ẹni tó ti débẹ̀ tó báyìí kì í padà mọ́. Nígbà tó rí mi, ó yìn mí pé mo ti ga. Ohun tó wá burú jù ni pé Láídé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Faransé ni ó ń sọ, torí ọ̀dọ̀ Táńtì Akisí ló ń lo ọ̀sán rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹ atíẹkẹ, ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru sè, àti ẹja yíyan lójúde, Láídé dìde, ó rìn gba àárín wa kọjá, ó di aṣọ Táńtì Akisí mú, ó pè é ní Màmá. Táńtì Akisí wo bàbá mi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Bàbá mi yí àwo rẹ̀ po lórí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po, kò sì jẹ mọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkùnrin kan dé láti ilé, ó wá bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní màámi máa lọ sí Ìlọrin, níbi tí ẹ̀rọ tẹlifóònù tó ń pe ìlú òkèèrè wà, á sì ti ibẹ̀ pè wá ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, lórí fóònù Táńtì Akisí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ènìyàn níbẹ̀. Bó bá ti pé, wọ́n á gé e, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀. Gbogbo ilé wa yí padà lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ tí màámi ti lọ ni mo ti ń fi èédú fa ilà kan lójúmọ́ sára ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo lọ kà á, mo rí i pé ọjọ́ Ìsinmi náà ni yóò pé ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ géérégé. Mo mú ìwé ìṣirò mi. Mo sọ ọjọ́ di wákàtí, mo sọ wákàtí di ìṣẹ́jú, mo sọ ìṣẹ́jú di ìṣẹ́jú-àáyá. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo sọ ìṣẹ́jú mẹ́ta orí fóònù náà di ọgọ́sàn-án ìṣẹ́jú-àáyá, mo sì pín ti àkọ́kọ́ sí ọgọ́sàn-án. Ìdáhùn rẹ̀ jáde láìṣẹ́kù: ogójì wákàtí. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lórí fóònù ni yóò ru ogójì wákàtí tí a kò fi rí ara wa. Mo fi han bàbá mi. Ó wò ó pẹ́, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kọ́ra kí ọjọ́ tó pé.

Agolo mílíìkì òfìfo la fi ṣe fóònù. Bàbá mi bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí itan, ó ní kí àgbà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé agolo sétí, ó tún gèlè ṣe, ó sì kí lọ:

"Ìyàwó mi, káàsán o. O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ìtọ́jú bàbá. Ara bàbá ńkọ́? Ọwọ́ ọ̀hún ńkọ́, ó ti ń gbé e? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun? Àwọn ará ilé ńkọ́? Àwọn ará oko ńkọ́? Ìyá tó ń ta iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà? O kú òjò. O kú àìsùn. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, o ò rù jù?" Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀ kí agolo lè dá a lóhùn, á mi orí, á ní ó dáa, á tẹ̀ síwájú.

Bàbá mi gbé aago ọwọ́ sókè. "Ìyá, ìṣẹ́jú méjì ti lọ. Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mi ò sọ nǹkan kan? Ta ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀?"

"Kíkí lẹ̀ ń kí i."

"Àkànní, o fẹ́ kí n bá ìyàwó mi pàdé lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá kí n má kí i? Ewúrẹ́ ni mí?"

Táńtì Akisí, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó sọ lédè Faransé pé ohun tó ya òun lẹ́nu nípa àwa Anàgó nìyẹn, pé bí ilé bá ń jó, a ó kọ́kọ́ kí iná. Lálaalẹ́ la ń fi kọ́ra lọ́sẹ̀ náà, lẹ́yìn oúnjẹ. Kíkí Ìyá Àgbà kò kúrú. Ọjọ́ kejì ó tilẹ̀ gùn sí i, ó rántí ìyá mìíràn tó ń ta aró. Níkẹyìn bàbá mi pín in: Ìyá Àgbà, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, èmi, ogójì, Láídé, ogún, kó kàn sọ pé "Màámi", ọgọ́rin tó kù, tirẹ̀ ni. Èmi to tèmi sórí ìwé: eyín iwájú mi tó yọ, ipò tí mo gbà níléèwé, orúnkún tó ń dun Ìyá Àgbà. Bàbá mi kò to tirẹ̀ sórí ohunkóhun. Gbogbo wa la mọ ohun tó fẹ́ béèrè: ìgbà wo lo ń bọ̀?

Ọjọ́ Ìsinmi náà, bàbá mi ṣírò rẹ̀ dáadáa. Aago mẹ́rin ti màámi, aago mẹ́ta tiwa. Kí mẹ́ta tó lù la ti tò yí fóònù Táńtì Akisí ká nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ti ká aṣọ tó máa ń fi bò ó kúrò. Láti òdìkejì kúù la ti gbọ́ aago wa tó lu mẹ́rin. Fóònù kò dún. A jókòó. Òógùn bo iwájú orí bàbá mi. Ààbọ̀ lù, fóònù kò dún. Láídé sùn lọ lórí àga. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lọ́wọ́ bàbá mi, àwọn akọrin á ti máa dé bọ̀ fún ìfidánrawò aago mẹ́rin. Ó dúró títí kò fi lè dúró mọ́. Ó tẹ̀ ba níwájú mi, ó ní bó bá dún, kí n bi í léèrè ọ̀kan ṣoṣo yẹn, kí n fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń lọ lórí òkúta kúù, tó dúró lẹ́nu géètì, tó tún lọ.

Aago wa ń lu márùn-ún lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Màámi sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun rò pé aago ará Abidjan la máa wò, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ilé Táńtì Akisí la máa wà, òun sì ti bá wa ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Òun ṣírò fún wa, àwa ṣírò fún un, wákàtí kan sì já bọ́ sáàárín. Táńtì Akisí gbé e, ó ní "Alóò", ó nà án sí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbé e sétí. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo ń dúró kí "Ìyàwó mi, káàsán o" bẹ̀rẹ̀. Ẹnu náà là, kò sọ nǹkan kan. Mo gbọ́ ohùn màámi tó ń jáde tín-ín-rín láti inú fóònù, ó ń pe, ó ní ẹ ǹ lẹ́ o, ta ló wà níbẹ̀? Omi ń ṣàn lójú àgbà. Ó yọ fóònù náà kúrò létí ara rẹ̀, ó fi í sí tèmi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú síbẹ̀. Ó fún mi ní gbogbo ogójì tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Eyín mi, ipò mi, ìbéèrè bàbá mi, gbogbo rẹ̀ ló fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ohun tí mo ti ń gbọ́ lálaalẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní:

"Ìyàwó mi, káàsán o. O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú ìtọ́jú bàbá."

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín kan tí mo ti gbàgbé pé ó wà. Màámi gbé ẹ̀rín náà mì, ó sì dá mi lóhùn bí ìgbà tó ń dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

"Ẹ káàsán mà. A dúpẹ́ mà."

"Ara bàbá ńkọ́?"

"Ó ń yá díẹ̀díẹ̀ mà."

"Ọwọ́ ọ̀hún ńkọ́, ó ti ń gbé e?"

"Kò tíì gbé e, mà."

Mo béèrè ẹsẹ̀, ó dá mi lóhùn. Mo béèrè àwọn ará ilé, àwọn ará oko, ìyá oníyọ̀, ìyá aláró. Kò fo ọ̀kankan. Nígbà tí mo bi í bóyá kò rù jù, ohùn rẹ̀ yí, ó ní òun rù díẹ̀. Táńtì Akisí ń na ìka sí mi pé ó ń tán lọ, ó ń gbé Láídé tó ń sùn bọ̀ léjìká. Màámi yára sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó fi "mà" sílẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, aago ara ògiri ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Wákàtí tiyín náà ni. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Èmi fúnra mi ni n óò gun àga yẹn."

Ó gé. Láídé la ojú, ó wo fóònù, kò mọ ohun tó ń ṣe wá.

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mo sun ún dé ìdí omi ẹ̀rọ. Ogójì wákàtí lọ́nà ọgọ́sàn-án, mo ti fi gbogbo rẹ̀ kí ìyá oníyọ̀. Bàbá mi dé, ó ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé fóònù dún. Ó bi mí pé ìgbà wo ló ní òun ń bọ̀? Mo ní mi ò béèrè. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá Àgbà ní kí n sọ ohun tó sọ kẹ́yìn. Mo sọ ọ́. Bàbá mi ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní ṣé "àga yẹn" ló wí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọlé, ó gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró ire jáde, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Títí oòrùn fi wọ̀ la ń gbọ́ òòlù rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni màámi dé, lẹ́yìn tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Ó wọ kúù ní ọ̀sán, eruku ọ̀nà jíjìn lójú, ó rù lóòótọ́. Gbogbo wa yọ sí i, Láídé nìkan ló sá sẹ́yìn Táńtì Akisí. Màámi rí i. Kò pè é, kò na ọwọ́ sí i. Ó wọlé, ó gbé àga, ó mì í wò, ó wo bàbá mi, ó gùn ún. Ó fẹ́ fa ọwọ́ aago sẹ́yìn ni bàbá mi sọ fún un pé aago onílílù kò gbọdọ̀ yí padà sẹ́yìn, irin inú rẹ̀ á dà rú. Wákàtí mọ́kànlá ni yóò fi tì í síwájú, kó sì jẹ́ kó lù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó tì í dé mẹ́fà, ó dúró, aago lu mẹ́fà. Ó tì í dé méje, aago lu méje. Àwọn ará kúù bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Nígbà tó ń lu mẹ́wàá, mo rí Láídé lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ń lu méjìlá, ó ti dé àárín pálọ̀, ó gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ là. Òru wá, òru lọ, ilẹ̀ mọ́, ọ̀sán pọ́n, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ìka màámi, kí ògì tó dì. Mo kà á: ìgbà mẹ́tàléláàádọ́rin ló lù lórí wákàtí. Nígbà tó lu mẹ́rin, tó bá ti gbogbo kúù mu, Láídé ti di ẹsẹ̀ àga náà mú. Màámi pa dígí dé, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ kí ó má tẹ ọwọ́ rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Ìyá Àgbà lọ, bàbá mi lọ, màámi ló gbẹ̀yìn wọn. Láídé ṣì wà ní Abidjan, ó ń pè mí lórí fóònù tí kì í gé, a lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀ bí a bá ti kí ara wa tán, a máa ń dákẹ́ pẹ́. Èmi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbé aago náà wá. Mo fi í sí wákàtí Abidjan. Bó bá lu mẹ́rin níhìn-ín, aago márùn-ún ti lù fún gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ tèmi, Táńtì Akisí ń gbálẹ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ń yan ẹja, òòlù bàbá mi ń dún. Àlejò a máa wọlé, a ní màmá, aago yín fi wákàtí kan sẹ́yìn. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ aago kà, ó ti gbé àga síbẹ̀ kí n tó rí i, ó ti ń ṣí dígí, ó ní òun á bá mi tún un ṣe. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ló dé, ìyá àgbà?

Mo ní ẹni tó ń yí i kò tíì dé.